Ìwé Ìran Mẹ́ta Ti Gba Bàbá Rẹ Lọ́wọ́ Mi

Porthenwyn,
Ọjọ́ Ẹtì, oṣù Kẹwàá.

Kerensa ọmọ mi,

Ṣé o jí ire ní Bristol níbẹ̀? Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé àwọn tó ń gbé lókè orí rẹ ti ń jẹ́ kí o sùn? Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ọkọ̀ ojú omi tí kì í jẹ́ kó gbá àpáta yóò máa ṣọ́ ọ nínú ìlú tí èèyàn pọ̀ ju ẹja lọ yẹn. Ẹsẹ̀ rẹ kò ní kọ lórí àtẹ̀gùn, ẹni tí kò dáa kò ní mọ ilé rẹ, àmín. Èmi wà dáadáa bí a bá yọ eékún mi ọ̀tún kúrò. Ológbò wà dáadáa. Òjò ń rọ̀. Bàbá rẹ nìkan ni kò dáa, àmọ́ má sáré wá o, kì í ṣe irú àìsàn tí dókítà ń wò.

Lẹ́tà ni mo kọ nítorí pé fóònù tí o rà fún mi ti ní òun kò mọ̀ mí mọ́. Ó ní kí n gbé ìka lé òun, mo gbé e lé e, ó ní kì í ṣe ìka mi. Mo fi ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá gbìyànjú, mo lọ fi ọṣẹ fọ̀ wọ́n, mo tún gbìyànjú, ó ní rárá. Ọdún mẹ́tàdínlógún ni mo fi ń da iyọ̀ sẹ́ja ní ilé ẹja, iyọ̀ ti jẹ gbogbo ilà tó wà lọ́wọ́ mi tán, ṣé ẹ̀bi mi wá ni? Mo ti gbé e sínú dúrọ́ọ̀ kí ó lọ ronú ara rẹ̀ wò.

Ìwé ló ń ṣe bàbá rẹ. O rántí pé ó yọ̀ ṣubú lórí àtẹ̀gùn èbúté ní oṣù Kejì, tí egungun ìgbáròkó rẹ̀ fi ṣẹ́, tí dókítà sì ní kí ó jókòó fún ọ̀sẹ̀ méjìlá. Bàbá rẹ kò sì jókòó rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Nígbà tí yóò fi di ọjọ́ kẹta, ó ti ń kọ́ mi bí a ṣe ń bó ọ̀dùnkún, èmi tí mo ti ń bó o kí n tó mọ̀ ọ́n. Ni mo bá jáde lọ bá Tryphena Angove, obìnrin tó ń wa mọ́tò ilé ìkàwé wá sí abúlé wa ní gbogbo Ọjọ́bọ̀. Mo ní Tryphena, jọ̀ọ́, fún mi ní ìwé tó nípọn jù lọ tí o ní, kí n fi dí ọkùnrin yìí lẹ́nu. Ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣe é, Kerensa, n ò lè purọ́. Ó fún mi ní ọ̀kan tó rí bíi bíríkì. Wọ́n ya ilé ńlá kan sára èèpo rẹ̀, lórí òkè etí òkun, àti obìnrin kan tó wọ aṣọ pupa tó ń sá lọ láìwọ bàtà. Mo rò pé kò ní kọjá ojú ewé kejì, torí láti ìgbà tí mo ti mọ bàbá rẹ, ìwé kan ṣoṣo ló máa ń kà, èyí tó ń sọ wákàtí tí òkun máa kún àti wákàtí tó máa fà.

Ọjọ́ mẹ́rin ló fi kà á tán. Ó ní kí n lọ gba òmíràn, irú rẹ̀ gan-an, kí n má gba èyí tó yàtọ̀.

Tí o kò bá mọ irú ìwé tí mò ń wí, jẹ́ kí n ṣàlàyé fún ọ. Ìyá àgbà kan ló máa wà níbẹ̀rẹ̀, nígbà tó ṣì jẹ́ ọmọge. Á fẹ́ràn ẹni tí kò yẹ kó fẹ́ràn. Wọ́n á bá òkú ẹnì kan nísàlẹ̀ òkè. Á fi nǹkan pamọ́ sẹ́yìn ògiri, á di ẹnu rẹ̀, á di arúgbó. Ọmọ tó bí kò ní mọ nǹkan kan, á kàn máa bínú káàkiri ilé ni. Ọmọ ọmọ náà ló máa wá jogún ilé lẹ́yìn ọgọ́ta ọdún, tí yóò máa gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lókè àjà, tí ọkùnrin kan tó wá tún òrùlé ṣe yóò máa wò ó lójú wò ó lẹ́nu, tí o kò sì ní mọ̀ bóyá ó fẹ́ fẹ́ ẹ ni tàbí ó fẹ́ pa á. Gbogbo rẹ̀ nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo wọn rí. Mo sọ fún bàbá rẹ pé ìwé kan náà ni wọ́n ń pààrọ̀ èèpo rẹ̀ fún un, ó ní mo dà bí ẹni tó lọ sétí òkun tó ní gbogbo ìgbì jọra wọn.

Láti ìgbà náà, ilé yìí kò rójú. Mo fi mítí páì sínú ààrò, mo ní kí ó bá mi yọ ọ́ tí aago bá lu méjìlá, mo lọ sá aṣọ. Nígbà tí mo máa dé, èéfín ti gba ilé, bàbá rẹ jókòó sí àárín rẹ̀ bí ẹni tó wà nínú ìkúukùu, ó ní kí n má sọ̀rọ̀, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ka ìwé ìhágún ni. Ní ọjọ́ mìíràn mo ń gbé bàsíà omi gbígbóná kọjá, ó kígbe pé má wọ ibẹ̀! Mo ju bàsíà sílẹ̀, omi dà sí ológbò lára. Kì í ṣe èmi ló ń bá wí. Ọmọdébìnrin kan tó ń jẹ́ Araminta, tó fẹ́ ṣí yàrá tí wọ́n ti tì pa, ló ń bá wí. Mo ní Hedley, ọmọ yẹn kò sí láyé. Ó ní òun mọ̀, àmọ́ kò yẹ kó wọ ibẹ̀.

O wá ní o fẹ́ ràn wá lọ́wọ́, o fi pátákó pẹlẹbẹ dúdú yẹn ránṣẹ́, o ní ìwé irinwó ló lè gbà. Mo dúpẹ́, ọmọ mi, àmọ́ mo rò pé wọ́n rẹ́ ọ jẹ. Mo gbé e lé òṣùwọ̀n tí mo fi ń wọn ìyẹ̀fun kí bàbá rẹ tó kó ìwé kankan sí i, mo kọ iye rẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn tó kó ìwé mọ́kànlá sí i, mo tún wọ̀n ọ́n, kò fi ìwọ̀n ẹyọ iyọ̀ kan wúwo sí i. Níbo ni ìwé náà wà? Bá wọn sọ̀rọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù náà, àmọ́ má bá wọn jà.

Pátákó náà ló sì fẹ́ sọ mí di apààyàn. Ọ̀sán Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni, mo ti ra búrẹ́dì dé, ni mo gbọ́ ohùn obìnrin nínú yàrá wa. Ohùn tútù ni, ohùn ẹni tó kàwé. Ó ń sọ pé olólùfẹ́ mi, má lọ, tí o bá fi lè jáde nínú yàrá yìí, èmi àti ìwọ ti kú. Ọmọ mi, mo gbé irin tí a fi ń ko iná. Mo fi èjìká ṣílẹ̀kùn. Bàbá rẹ nìkan ló wà lórí ibùsùn, ó dijú, ó káwọ́ sáyà bí òkú olówó. Mo wo abẹ́ ibùsùn. Mo wo inú kọ́bọ́ọ̀dù. Ó ní Loveday, kí lò ń wá? Mo ní mò ń wá ìyàwó rẹ kékeré ni, kí n bá a ṣeré. Ìgbà yẹn ló ṣàlàyé pé pátákó náà máa ń ka ara rẹ̀ sétí èèyàn. Ó ní obìnrin náà kò rí wa, kò sì gbọ́ wa. Mo gbà, àmọ́ n kì í bọ́ṣọ níwájú rẹ̀ mọ́.

Ọ̀rọ̀ báńkì tún wà níbẹ̀. O mọ̀ pé wọ́n ti ti báńkì abúlé wa, wọ́n ní inú fóònù ni báńkì wà báyìí. Ọmọbìnrin kan pe bàbá rẹ láti ibẹ̀ láti bá a ṣí i. Ohùn rẹ̀ dáa, ó ní ìbéèrè méjì péré ni. Ó ní kí bàbá sọ orúkọ ìdílé tí ìyá rẹ̀ ń jẹ́ kí ó tó lọ́kọ, àti orúkọ ẹran ọ̀sìn tó kọ́kọ́ ní. Bàbá rẹ fi ọwọ́ bo ẹnu fóònù, ojú rẹ̀ ti funfun, ó ní Loveday, bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí nínú ìwé kẹta. Ó ní ẹni tó bá ń wá orúkọ ìdílé ìyá ẹni, ogún ẹni ló ń wá. Ó wá dá ọmọ náà lóhùn pé ìyá òun kò lórúkọ kankan kí ó tó lọ́kọ, wọ́n kàn máa ń pè é ní “ìwọ yìí” ni, àti pé àwọn ò sin ẹran, àwọn ń jẹ ẹ́ ni. Wọ́n ti ti àkáǹtì pa. Inú bàbá rẹ dùn, ó ní òun ti gba ogún là.

Mo jókòó tì í lọ́jọ́ kan, mo bi í pẹ̀lú sùúrù pé Hedley, kí ló dùn tó bẹ́ẹ̀ nínú nǹkan wọ̀nyí? Ó yọ awò ojú rẹ̀. Ó ní gbogbo ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ ló máa ń kú tán kí wọ́n tó bí ẹni tí yóò béèrè. Ó ní bàbá òun lọ, òun ò mọ ohun tó ń bà á lẹ́rù. Ìyá òun lọ, òun ò mọ ẹni tó kọ́kọ́ wù ú. Ó ní nínú ìwé wọ̀nyí, tí o bá ti lè jókòó pẹ́, wọ́n á dá ọ lóhùn. Ìyá àgbà á fi nǹkan pamọ́ ní ojú ewé ogún, ìwọ ti rí i. Ọmọ ọmọ rẹ̀ á máa kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ ní ojú ewé irinwó, kò mọ̀, ọwọ́ rẹ á máa yún ọ láti fà á láṣọ. Ó ní ẹ̀rù ló ń jẹ́ kí òun ṣí ewé, ìfẹ́ ni kì í jẹ́ kí òun pa ìwé dé. Mo ní ọ̀rọ̀ náà dára púpọ̀, àmọ́ ẹja rẹ ti tutù.

Kò wá fi mọ síbẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wo ilé tiwa. O mọ Thirza, ìyá bàbá rẹ̀, tí fọ́tò rẹ̀ wà lókè àtẹ̀gùn tó ń wo èèyàn bí ẹni tí wọ́n jí ní adìẹ. Ọkọ rẹ̀ àkọ́kọ́ ré sómi ní èbúté lọ́dún 1921, oṣù méje lẹ́yìn náà ni àbúrò ọkọ ṣú u lópó, àbúrò yẹn ló bí bàbá bàbá rẹ. Ọgọ́rùn-ún ọdún la ti fi mọ̀ bẹ́ẹ̀, kò sì dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ oúnjẹ rẹ̀ rí. Àfi bàbá rẹ tó dìde lọ́jọ́ Ìsinmi lẹ́yìn ìsìn, nígbà tí gbogbo wa ń mu tíì, níwájú pásítọ̀, tó bi Jenifer àbúrò rẹ̀ bóyá ìyá àgbà sọ fún un rí pé òun ti ẹnikẹ́ni sómi. Jenifer gbé kọ́ọ̀pù kalẹ̀. Ó ní Hedley, ṣé egungun ìdí rẹ ló ṣẹ́ ni àbí ti orí? Bàbá rẹ ní oṣù méje péré ni, Jenifer, oṣù méje! Jenifer ní nígbà tí ìyàwó rẹ bá di opó, èmi á bá a ka oṣù. Ó mú ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó lọ. Kò tíì bá wa sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ náà. Bí a bá pàdé lọ́nà, ológbò wa ló máa ń kí.

Èyí ló jẹ́ kí bàbá rẹ ní òun máa gun àjà lọ wá ẹ̀rí. Mo ní kò gbọdọ̀ gun àkàbà kankan, ìgbáròkó rẹ̀ kò tíì san. Òótọ́ ni mo sọ, Kerensa, àmọ́ n kò sọ òótọ́ tán. Agolo bisikíìtì kan wà lókè àjà yẹn, lábẹ́ aṣọ ìgbéyàwó mi, mi ò fẹ́ kí ó fọwọ́ kàn án. Mo ti fẹ́ lọ mú un láti oṣù Karùn-ún, eékún ni kò jẹ́.

Ọjọ́rú tó kọjá, mò ń la ẹja nínú kíṣìnnì, ni mo rí i pé ilé dákẹ́ jù. Àkàbà ti wà lẹ́nu àjà. Mo pè é, kò dáhùn. Nígbà tó pẹ́, mo gbọ́ tó ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀ díẹ̀. Ó wọlé, òwú aláǹtakùn bò ó lórí, ó gbé agolo náà kalẹ̀ sórí tábìlì. Nípa Thirza, rìsíìtì ẹ̀rọ ìránṣọ ló rí.

Màá sọ fún ọ báyìí, torí ó ti dé eteetí. Kí n tó fẹ́ bàbá rẹ, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Perran Nance. Òun àti bàbá rẹ jọ ń wọ ọkọ̀ ẹja kan náà. Ọmọ ọdún mọ́kànlélógún ni mo wà. Perran lẹ́wà, ó lè kọrin, kò sí ẹni tí kò mọ̀, òun náà mọ̀. Ní ọdún 1974, ó rí iṣẹ́ ní ibi tí wọ́n ti ń wa kùsà ní Ọsirélíà, ó kọ lẹ́tà sí mi pé òun kò fẹ́ dá lọ, pé tí ìwé ọkọ̀ bá ti tẹ òun lọ́wọ́, òun á tún kọ òmíràn. Lẹ́tà yẹn ló wà nínú agolo. Má bi mí ìdí tí mo fi tọ́jú rẹ̀. Òórùn ẹja ló ń jáde lára mi láti àárọ̀ dé alẹ́ nígbà yẹn, ẹnì kan sì kọ ọ́ sínú ìwé pé mò ń ta sánsán. Ta ló máa da irú ìyẹn nù?

Bàbá rẹ jókòó. Ó ti kà á. Mo di ọ̀bẹ mú, n kò mọ ibi tí màá gbé e sí. Mo ní lọ́kàn mi pé ọdún méjìdínláàádọ́ta ti dà nù báyìí. Ó wò mí, ó ní Loveday, kí ló wá ṣẹlẹ̀?

Mo ní kí ló wá ṣẹlẹ̀ báwo? Ó ní ibi tó dùn ló já sí! Ó ní ọkùnrin yìí ní òun á tún kọ òmíràn, níbo ni òmíràn wà? Mo fi ẹja na tábìlì. Mo ní ọkùnrin mìíràn ló kọ̀wé ìfẹ́ sí ìyàwó rẹ, Hedley, orí kejì lò ń béèrè! Ṣé o kò tilẹ̀ lè jowú fún ìṣẹ́jú kan, kí ara mi fi yá?

Ìgbà náà ni ojú rẹ̀ yí padà. Ó wo lẹ́tà náà títí. Ó ní òun mọ ibi tí òmíràn wà. Ó ní inú omi èbúté ló wà.

Ó ní Perran fi í lé òun lọ́wọ́, pé kí òun bá a fún mi nílé ẹja. Ọjọ́ méjì ló fi gbé e sápò. Ó ṣí i lọ́jọ́ kejì, ó kà á. Perran kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìwé ọkọ̀ ti di méjì, kí n wá bá òun ní ibùdó rélùwéè Truro lọ́jọ́ Sátidé, tí òun kò bá rí mi, òun á mọ̀ pé n kò fẹ́ òun. Bàbá rẹ rìn lọ sétí èbúté, ó jẹ́ kí ìwé náà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ sómi. Ó ní láti ọjọ́ náà, kò sí ọjọ́ tí òun wò mí tí òun ò rántí pé òun jí mi ni.

Kerensa, inú bí mi. Orúkọ mi ló wà lára ìwé yẹn, tèmi ni. Inú bí mi débi pé mo lọ fọ àwọn abọ́ tó ti mọ́. Mo fọ gbogbo wọn, mo tò wọ́n, mo tún kó wọn sọ̀ kalẹ̀. Bàbá rẹ kò gbéra lórí àga. Nígbà tí n kò rí abọ́ mọ́, mo jókòó níwájú rẹ̀. Mo ní Hedley, mo mọ̀ nípa Sátidé yẹn. Àbúrò Perran tí a jọ ń da iyọ̀ sẹ́ja ló bi mí bóyá mo ti di ẹrù tí màá gbé lọ bá ẹ̀gbọ́n òun ní Truro. Mo ní mo lọ sí Truro. Mo wọ bọ́ọ̀sì àárọ̀ lọ, mo rí Perran, mo sọ fún un lójú rẹ̀ pé n kò lọ, kí ọ̀nà ṣe é ní dáadáa. Ó bi mí pé kí ló dé, mo ní mi ò lè fara da oòrùn. Mo wọ bọ́ọ̀sì ọ̀sán padà wálé.

Bàbá rẹ fa àga rẹ̀ súnmọ́ tábìlì. Ó ní òun rí mi nígbà tí mo wọ bọ́ọ̀sì láàárọ̀. Ó ní òun rò pé mo ti lọ nìyẹn.

Àṣé ohun tó fà á nìyẹn! Nígbà tí mo bọ́ sílẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà, bàbá rẹ ló dúró ní ibùdókọ̀, òjò ti pa á bí ẹran, ètè rẹ̀ dúdú. Mo bi í pé kí ló ń ṣe níbẹ̀. Ó ní òun ń dúró de àwọ̀n tí wọ́n fẹ́ fi bọ́ọ̀sì gbé wá fún òun. Àwọ̀n náà sì wà léjìká rẹ̀. Mo rò pé ọkùnrin náà kò gbọ́n púpọ̀ ni, mo sì ti gbà á bẹ́ẹ̀. Láti aago mẹ́jọ ló ti dúró síbẹ̀, ọmọ mi. Wákàtí méje. Ẹni tó rò pé mi ò ní padà wá.

Ó ní kí n dáhùn ẹyọ kan péré, kí ló dé tí n kò lọ? Mo ní ẹnì kan wà tó máa ń bá mi gbé agbọ̀n ẹja gun òkè láràárọ̀, tí kì í sọ ọ̀rọ̀ kan. Mo fẹ́ mọ ohun tó fẹ́ sọ. Ó ní ìyẹn ni pé èmi lo yàn? Mo ní ta lo rò pé ó yàn ọ́, atẹ́gùn? Ó bú sẹ́kún bí ọmọ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú. Nígbà tó nu imú rẹ̀ tán, ó ní èyí dùn ju ti ìwé tó rí bíi bíríkì lọ, pé kí n tún un sọ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí n má fo ibì kankan.

Mo ti sọ ọ́ ní ẹ̀ẹ̀mẹrin. Ó máa ń dá mi dúró láti béèrè aṣọ tí mo wọ̀. Má rò pé mo ti dárí jì í nípa ìwé mi tó jù sómi, ìyẹn lọ́tọ̀. Òun ló ń dáná títí di Kérésìmesì. Bí a ṣe ń jẹ ọ̀dùnkún tó jóná nìyẹn, tí mò ń fi ìrora dárí jì í díẹ̀ díẹ̀. Èyí tó burú ni pé ó ti sọ ọ́ fún Tryphena. Lánàá tí mo dé ibi mọ́tò ìwé, obìnrin mẹ́fà ló dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n ń wò mí láti orí dé ẹsẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ya sẹ́yìn ìwé. Ọ̀kan bi mí bóyá Perran ní irùngbọ̀n. Ẹ gbà mí o! Bàbá rẹ tún ń sọ pé òun máa kọ ọ́ sílẹ̀, ìran mẹ́rin, láti orí Thirza dé orí rẹ. Ó ti ra ìwé àkọsílẹ̀. Orí ojú ewé kìíní ló ṣì wà, ó kọ ọ́ pé òjò ń rọ̀.

Jọ̀wọ́, bá wa fi owó díẹ̀ ránṣẹ́, má ṣe fi í gba inú fóònù, torí báńkì kò mọ̀ wá, fi bébà dì í sínú lẹ́tà bí èèyàn. Awò ojú méjì ni mo fẹ́ fi rà. Méjì ni mo wí. Ọ̀kan ti bàbá rẹ, ọ̀kan tèmi, má sì rẹ́rìn-ín. Araminta ti ṣí yàrá náà, mi ò rí ohun tó wà nínú rẹ̀ dáadáa, lẹ́tà inú ìwé náà ti kéré jù. Kí o sì pe Jenifer, kí o bá wa bẹ̀ ẹ́. Sọ fún un pé rìsíìtì ni wọ́n rí.

Ó ku ẹyọ kan. Nígbà tí o wá ní oṣù Kẹjọ, ẹ̀wù òtútù ọkùnrin wà lórí àga ẹ̀yìn mọ́tò rẹ. Aláwọ̀ búlúù ni, bọ́tìnnì rẹ̀ kan ti já, wọ́n fi òwú dúdú rán an padà, ó sì jọ bíi pé ìwọ lo rán an. Mo rí i, n kò sọ̀rọ̀, torí bí a ṣe ń ṣe nínú ilé yìí nìyẹn. Kerensa, mò ń béèrè báyìí. Ta ni?

Ọlọ́run yóò ṣe ilé rẹ ní ilé ayọ̀. Ẹni tí yóò dúró dè ọ́ nínú òjò kò ní jìnnà sí ọ, o ò sì ní pẹ́ kí o tó bọ́ sílẹ̀. A ó máa rí ọ bá sọ̀rọ̀ nígbà tí ẹnu wa ṣì wà. Àmín.

Ìyá rẹ,
Loveday Trembath.